Bíṣọ́ọ̀bù tí ó Sá Pamọ́: Cyprian ti Carthage, Àwọn Lẹ́tà Rẹ̀ àti Ọ̀ràn Ìdáríjì

Àṣamọ̀

Lọ́dún 250, Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Carthage ní Àríwá Áfíríkà, sá pamọ́ nígbà tí ìjọba Róòmù pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà. Lọ́dún 258, ó fi ọrùn rẹ̀ fún idà ní ojú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí tọ ipasẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún méjèèjì. Ó fi hàn pé ìsá ọdún 250 ni ó sọ Cyprian di irú òǹkọ̀wé tí ó jẹ́, àti pé ìbéèrè tí ìsá náà gbé dìde, èyíinì ni pé ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dárí ji ẹni tí ó ṣubú, ni òpó tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ rọ̀ mọ́.

Ìfáárà

Carthage wà ní etí òkun, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tùnísíà lónìí. Àwọn ọmọ ogun Róòmù pa ìlú náà run lọ́dún 146 ṣáájú ìbí Kristi, ṣùgbọ́n àwọn ará Róòmù kan náà ni wọ́n tún un tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Nígbà tí ó fi di ọ̀rúndún kẹta lẹ́yìn ìbí Kristi, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀-ọba Róòmù. Ọkà tí wọ́n ń kó gba èbúté rẹ̀ kọjá wà lára ohun tí ó ń bọ́ ìlú Róòmù. Ìlú yìí kan náà ni ó bí àwọn òǹkọ̀wé ńlá ìṣáájú nínú ẹ̀sìn Kristi ní èdè Látìnì. Tertullian ni ó ṣíwájú wọn. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, tí ó kàwé ní Carthage, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn. Cyprian ni ó wà láàrin àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó mú Cyprian yàtọ̀ ni irú ẹ̀rí tí ó kù sílẹ̀ nípa rẹ̀. Àkójọ lẹ́tà 81 ni ó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀, tí díẹ̀ nínú wọn jẹ́ èyí tí àwọn ẹlòmíràn kọ sí i tàbí tí wọ́n kọ lórí ọ̀ràn tí ó kàn án. Ìwé kéékèèké tí ó kọ fún àwọn ọmọ ìjọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ níwájú gómìnà Róòmù, àti ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ tí Pontius, díákónì rẹ̀, kọ láìpẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni ó ka ìwé Pontius yìí sí ìtàn ìgbésí-ayé àkọ́kọ́ tí Kristẹni kọ ní èdè Látìnì. Nípasẹ̀ ẹ̀rí wọ̀nyí, a lè rí bí bíṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀rúndún kẹta ṣe ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti oṣù dé oṣù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà gba ìṣọ́ra. Pontius kì í ṣe ẹni tí ó dúró ní agbede méjì. Ó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹ̀gàn kan wà tí òun gbọ́dọ̀ nù kúrò lára rẹ̀: pé nígbà tí inúnibíni dé, bíṣọ́ọ̀bù sá. Ìdáhùn Pontius ni pé Ọlọ́run ni ó pa Cyprian mọ́, nítorí pé bí ó bá kú nígbà náà, kò ní sí ẹni tí yóò kọ́ àwọn tí ó ṣubú ní ìrònúpìwàdà, tí yóò sì tu àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Ọ̀ràn náà kò rọrùn bẹ́ẹ̀ lójú Cyprian fúnra rẹ̀. Àwọn lẹ́tà rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀gàn ìsá yìí ń bá a rìn fún ọdún mẹ́jọ gbáko.

Olùkọ́ ọ̀rọ̀-sísọ tí ó di bíṣọ́ọ̀bù

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni Thascius Caecilius Cyprianus. Wọ́n bí i ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹta, ó sì jẹ́ ọlọ́rọ̀. Kí ó tó di Kristẹni, iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ni ní ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀-sísọ, ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ọlọ́lá ń kọ́ kí wọ́n tó lè ṣe agbẹjọ́rò tàbí kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ìjọba. Ó ní ilé, ó ní ọgbà, ó sì ní ọ̀rẹ́ láàrin àwọn ènìyàn ńlá ìlú.

Ní nǹkan bí ọdún 246, àlùfáà àgbà kan tí ń jẹ́ Caecilius mú un wọ inú ìgbàgbọ́. Nínú ìwé kékeré tí ó kọ sí Donatus ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìrìbọmi, Cyprian sọ bí ó ti ṣiyè méjì tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ọlá ayé ti mọ́ lára lè bọ́ ìwà àtijọ́ sílẹ̀. Ó ta púpọ̀ nínú dúkìá rẹ̀, ó sì pín owó náà fún àwọn aláìní. Ó jókòó ti ìwé Tertullian. Jerome, tí ó kọ̀wé ní òpin ọ̀rúndún kẹrin, gbọ́ láti ẹnu àgbàlagbà kan tí ó ti bá akọ̀wé Cyprian pàdé rí, pé ọjọ́ kan kì í kọjá kí Cyprian má béèrè ìwé Tertullian, olùkọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, kò dárúkọ Tertullian lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí ó kọ tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́.

Láàrin ọdún mẹ́ta sí ìrìbọmi rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 248 sí 249, ó di bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n fi ariwo yàn án. Pontius sọ pé èrò yí ilé rẹ̀ ká títí ó fi gbà. Àwọn àlùfáà márùn-ún kan kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni ó sì wá jókòó sí iwájú wọn. Cyprian gbìyànjú láti fi sùúrù fà wọ́n mọ́ra, ṣùgbọ́n ìbínú náà kò tán nínú wọn. Ó kàn ń retí ọjọ́ tí yóò rí ẹ̀sùn gbámú ni.

Àṣẹ Decius

Ọjọ́ náà kò jìnnà. Decius gorí oyè Késárì lọ́dún 249, nígbà tí àwọn Goth ń yọ ilẹ̀-ọba Róòmù lẹ́nu ní ààlà. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn ilẹ̀-ọba náà rúbọ sí àwọn òrìṣà: kí wọ́n ta ohun mímu sílẹ̀, kí wọ́n jẹ nínú ẹran ẹbọ, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní ogójì ní ilẹ̀ Íjíbítì. Orúkọ ẹni tí ó rúbọ wà nínú wọn, pẹ̀lú abúlé rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé òun ti máa ń rúbọ láti ẹ̀yìn wá, àti ìfọwọ́sí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ṣojú wọn. Ní ìlú Róòmù, Fabian tí ó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ kú lọ́wọ́ ìjọba ní ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹẹrẹ, ọdún 250.

Ní Carthage, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ kò dúró kí wọ́n pè wọ́n. Cyprian kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ilẹ̀ ṣú bá àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń dúró de ẹbọ, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ní kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ṣe é lójú ẹsẹ̀. Àwọn òbí gbé ọmọ ọwọ́ lọ síbẹ̀. Ìṣubú wọn kò rí bákan náà. Àwọn kan rúbọ gan-an. Àwọn kan ju tùràrí díẹ̀ sínú iná pẹpẹ. Àwọn mìíràn kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n wọ́n fi owó gba ìwé ẹ̀rí pé àwọn ti ṣe é. Àwọn tí ó kọ̀ jálẹ̀ wọ ẹ̀wọ̀n. Àwọn kan kú lábẹ́ ìyà níbẹ̀.

Cyprian kò sí láàrin àwọn tí ó rúbọ, kò sì sí láàrin àwọn tí ó wọ ẹ̀wọ̀n. Ó ti kúrò ní ìlú. Èrò ìlú ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé e fún kìnnìún, ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀. Àlàyé tí ó ṣe ni pé bí òun bá dúró, rògbòdìyàn tí yóò ti ìdí òun ṣẹlẹ̀ ni yóò kó bá gbogbo ìjọ. Àlàyé náà bá ọgbọ́n mu. Àwọn Yorùbá ní akin tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun ni òwe náà ń bá wí. Bí ó bá jẹ́ olórí ogun ni ó sá, tí àwọn tí ó kó lẹ́yìn sì kú sójú ìjà, ọ̀rọ̀ mìíràn ni ìyẹn.

Àwọn àlùfáà ìlú Róòmù, tí bíṣọ́ọ̀bù tiwọn ti kú, rí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn àlùfáà Carthage, wọ́n sọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn rere àti alágbàṣe tí ó fi agbo sílẹ̀ sá nígbà tí ó rí ìkookò. Lẹ́tà náà kò ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, kò sì ní orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Cyprian dá a padà fún wọn. Ó ní bí a ti kọ ọ́, ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti bébà tí a fi kọ ọ́ pàápàá mú kí òun fura pé ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àwọn ni wọ́n kọ ọ́ ní tòótọ́. Èsì olùkọ́ ọ̀rọ̀-sísọ ni èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ṣe, ó kọ lẹ́tà mìíràn sí wọn, ó sì fi ẹ̀dà lẹ́tà mẹ́tàlá tí ó ti kọ sí ìjọ rẹ̀ láti ibi ìsápamọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i pé òun kò fi iṣẹ́ òun sílẹ̀.

Lẹ́tà dípò ojú

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí kò lè fi ojú hàn gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tí yóò fi sọ̀rọ̀, lẹ́tà ni Cyprian sì fi rọ́pò ojú rẹ̀ fún ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n ná owó ìjọ lórí àwọn opó, àwọn aláìsàn, àwọn àlejò àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Ó tún fi owó ara rẹ̀ kún un. Ó ní kí wọ́n máa kọ ọjọ́ tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n ìgbàgbọ́ bá kú sílẹ̀, kí ìjọ lè máa ṣe ìrántí wọn. Ó yan òǹkàwé tuntun fún ìjọ láti ọ̀nà jíjìn, ó sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi lè kọ́kọ́ bá àwọn àlùfáà àti ọmọ ìjọ gbìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó ti ṣe ìpinnu láti ìgbà tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù pé òun kò ní dá nǹkan kan ṣe láìgba ìmọ̀ràn àwọn àlùfáà àti ìfọwọ́sí àwọn ènìyàn.

Ìpinnu yẹn ni ìdánwò tí ó le jù lọ dé bá. Láàrin àwọn Kristẹni Áfíríkà, ìgbàgbọ́ wà pé ẹ̀bẹ̀ àwọn ajẹ́rìíkú lágbára níwájú Ọlọ́run. Àwọn tí ó ṣubú wá ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n láti bẹ àwọn tí ìyà ń jẹ nítorí ìgbàgbọ́ pé kí wọ́n fún àwọn ní ìwé àlàáfíà, ìwé tí yóò mú kí ìjọ gbà wọ́n padà. Ajẹ́rìíkú kan tí ń jẹ́ Mappalicus kú lábẹ́ ìyà. Ìyá rẹ̀ àti arábìnrin rẹ̀ nìkan ni ó béèrè àlàáfíà fún. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kò ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Lucianus, tí ó wà nínú ẹ̀wọ̀n, ń fún ènìyàn ní ìwé ní orúkọ Paulus tí ó ti kú. Celerinus kọ̀wé sí i láti Róòmù, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún àwọn arábìnrin tí ó ṣubú níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, Lucianus kọ̀wé sí Cyprian ní orúkọ gbogbo àwọn ẹlẹ́wọ̀n pé àwọn ti fún gbogbo àwọn tí ó ṣubú ní àlàáfíà. Àwọn ìwé kan tilẹ̀ wà tí ó kàn sọ pé kí a gba lágbájá pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀. Cyprian béèrè pé àwọn ènìyàn rẹ̀ ta ni? Ogún tàbí ọgbọ̀n ènìyàn lè wà lábẹ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ pé ẹrú àti ìbátan ẹni tí ó gba ìwé ni àwọn.

Ibí yìí ni ìsá rẹ̀ ti dùn ún jù lọ. Àwọn tí ó ń bá jiyàn ní àpá lára. Òun kò ní. Bí ó bá sọ pé ìwé wọn kò tó, wọn yóò bi í léèrè ibi tí ó wà nígbà tí wọ́n ń jìyà. Cyprian kò bá àpá wọn du ọlá. Ó yìn wọ́n nínú lẹ́tà rẹ̀ gbogbo. Ohun tí ó sọ ni pé ìdáríjì kì í ṣe ẹ̀bùn ẹnì kan sí ẹnì kejì, ohun tí gbogbo ìjọ ni í ṣe ni. Ó ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí àlàáfíà bá padà, kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn àlùfáà, àwọn tí ó jìyà àti àwọn ọmọ ìjọ tí kò ṣubú lè jókòó pọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò. Ẹni tí ikú bá kàn, tí ó sì ní ìwé àwọn ajẹ́rìíkú lọ́wọ́, kí wọ́n má jẹ́ kí ó kú láìrí àlàáfíà gbà.

Àwọn àlùfáà tí ó kórìíra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò dúró. Wọ́n ń fún àwọn tí ó ṣubú ní Oúnjẹ Olúwa láìsí ìrònúpìwàdà. Novatus, ọ̀kan nínú àwọn àlùfáà, àti Felicissimus tí ó jẹ́ díákónì ni wọ́n ṣáájú ìyapa náà ní Carthage.

Ìpadàbọ̀ àti ìdájọ́

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 251, Cyprian padà sí ìlú. Ìwé méjì ni a so mọ́ ìgbà yìí. Èkíní ni De lapsis, lórí àwọn tí ó ṣubú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó to àwọn tí ó dúró ní ipò: ẹni tí ó jẹ́wọ́ Kristi níwájú adájọ́ ni ó gba adé àkọ́kọ́, ẹni tí ó fi dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sì kúrò nílùú kí ó má baà sẹ́ Kristi ni ó gba èkejì. Òǹkàwé kò ní ṣàì rí i pé Cyprian fúnra rẹ̀ wà ní ipò kejì yìí. Ó rọrùn láti sọ pé ó gbé òfin kalẹ̀ tí yóò dá òun láre.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó tẹ̀ lé e kò jẹ́ kí ẹ̀sùn náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ọ̀nà méjì ni ó rọrùn fún un. Ó lè gba gbogbo ìwé àwọn ẹlẹ́wọ̀n kí àwọn ènìyàn sì yìn ín. Ó sì lè ti gbogbo àwọn tí ó ṣubú síta, kí líle rẹ̀ lórí wọn bo ìtìjú ìsá tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà kejì yìí ni Novatian yàn ní ìlú Róòmù, tí ó sì fi ya kúrò lọ́dọ̀ Cornelius tí wọ́n yàn ní bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ lọ́dún 251. Cyprian kọ ọ̀nà méjèèjì. Àpérò àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà tí ó wáyé ní Carthage lọ́dún náà pinnu pé kí a yẹ ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò: àwọn tí ó gba ìwé ẹ̀rí lásán lè padà lẹ́yìn ìrònúpìwàdà, àwọn tí ó rúbọ gan-an yóò máa ronú pìwà dà títí di ìgbà tí ikú bá súnmọ́ wọn.

Ìwé kejì ni De ecclesiae catholicae unitate, lórí ìṣọ̀kan ìjọ. Ó kọ ọ́ sí àwọn tí ó ń ya ìjọ, ó sì sọ níbẹ̀ pé kò sí ìgbàlà fún ẹni tí ó bá kọ ìjọ sílẹ̀. Orí kẹrin ìwé náà wà ní oríṣi méjì nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́. Ọ̀kan gbé ipò Pétérù ga ju èkejì lọ. Àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ lórí ìyàtọ̀ yìí ti pẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà lónìí pé Cyprian fúnra rẹ̀ ni ó kọ oríṣi méjèèjì.

Láàrin ọdún méjì, ìpinnu ọdún 251 yí padà. Nígbà tí ó dà bí ẹni pé inúnibíni mìíràn ń bọ̀, Cyprian àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pinnu pé kí a fún gbogbo àwọn tí kò yé ronú pìwà dà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú ní àlàáfíà, títí kan àwọn tí ó rúbọ. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé a kì í rán ènìyàn lọ sójú ogun láìfún un ní ohun ìjà. Ọwọ́ tí a fi bá ọmọ wí ni a tún fi fà á mọ́ra. Ẹni tí ó ti lọ́ra lọ́dún 250 ni ó ń yára báyìí, nítorí pé ó ti rí ohun tí ìrònúpìwàdà ṣe lára àwọn ènìyàn náà.

Ẹni tí kò kúrò nílùú mọ́

Láàrin ọdún wọ̀nyí ni àjàkálẹ̀ àrùn wọ Carthage. Nínú De mortalitate, Cyprian sọ àmì rẹ̀: ìgbẹ́ gbuuru tí ń gba agbára, ọ̀fun tí ń gbóná bí iná, èébì, ẹyinjú tí ń pọ́n, ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yà ara mìíràn tí ń jẹrà, etí tí ń di, àti ojú tí ń fọ́. Nítorí pé ẹ̀rí rẹ̀ ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni àwọn òpìtàn òde òní fi ń pe àrùn náà. Pontius ní àwọn ènìyàn ń sá fún ìbátan wọn, wọ́n sì ń gbé àwọn tí ó ń kú lọ sí ìta.

Ní àkókò yìí Cyprian kò sá. Ó pe ìjọ jọ, ó pín iṣẹ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n má ṣe mú ìtọ́jú náà mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Kristẹni nìkan. Nígbà tí àwọn abọ̀rìṣà ní àwọn Kristẹni ni wọ́n fa ìbínú òrìṣà wá sórí ìlú, ó fi ìwé dá Demetrianus tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Nígbà tí àwọn akónilẹ́rú kó àwọn Kristẹni lọ ní Numidia, ìjọ Carthage dá owó sesterce 100,000 jọ láti rà wọ́n padà. Cyprian fi orúkọ àwọn tí ó dá owó náà ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí àwọn tí ó gbà á lè máa dárúkọ wọn nínú àdúrà.

Ìjà ńlá mìíràn tún dé láàrin ọdún 255 sí 256. Stephen, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù, gbà pé ẹni tí àwọn oníyapa ti rì bọmi kò nílò ìrìbọmi mìíràn bí ó bá padà sínú ìjọ. Cyprian kò gbà: ìjọ tí kò ní Ẹ̀mí kò lè fún ènìyàn ní Ẹ̀mí. Ní ọjọ́ 1 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ọdún 256, bíṣọ́ọ̀bù 87 sọ̀rọ̀ ní Carthage lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì gbè sẹ́yìn rẹ̀. Cyprian ṣí àpérò náà pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé wọn kò ní fi ipá mú ẹnikẹ́ni nínú wọn gba ohun tí kò gbà gbọ́. Stephen kú lọ́dún 257 kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Ìlànà Stephen ni ìjọ ìwọ̀-oòrùn tẹ̀ lé nígbẹ̀yìn.

Ìsá kejì

Lọ́dún 257, Késárì Valerian tún gbé inúnibíni dìde. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ògún, Cyprian dúró níwájú gómìnà Aspasius Paternus. Ó jẹ́wọ́ pé Kristẹni àti bíṣọ́ọ̀bù ni òun. Nígbà tí gómìnà béèrè orúkọ àwọn àlùfáà rẹ̀, ó ní òfin Róòmù fúnra rẹ̀ kórìíra olófòófó, òun kò sì ní dárúkọ wọn. Wọ́n lé e lọ sí Curubis, ìlú kékeré kan ní etí òkun. Láti ibẹ̀ ó fi owó àti lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n dá lẹ́jọ́ sí ibi ìwakùsà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, àṣẹ tuntun dé pé kí wọ́n pa àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà àti díákónì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún, ọdún 258, wọ́n pa Xystus, bíṣọ́ọ̀bù Róòmù. Wọ́n ti pe Cyprian padà láti Curubis, ó sì ń gbé inú ọgbà rẹ̀ ní Carthage. Nígbà tí ó gbọ́ pé àwọn ọmọ ogun ń bọ̀ láti mú un lọ bá gómìnà ní Utica, ó tún sá pamọ́.

Lẹ́tà tí ó kọ láti ibẹ̀ ni ó gbẹ̀yìn nínú àwọn lẹ́tà rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òun kò sá fún ikú. Ó ní ibi tí bíṣọ́ọ̀bù ti ń ṣe olórí ìjọ ni ó yẹ kí ó ti jẹ́wọ́ Olúwa, láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀, nítorí pé ohun tí bíṣọ́ọ̀bù bá sọ ní wákàtí náà, gbogbo ìjọ ni ó bá a sọ ọ́. Nítorí náà òun yóò dúró títí gómìnà yóò fi padà sí Carthage. Lọ́dún 250 ó sá kí wíwà rẹ̀ nílùú má baà kó bá ìjọ. Lọ́dún 258 ó sá kí ikú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìjọ.

Nígbà tí gómìnà Galerius Maximus padà dé, Cyprian jáde. Wọ́n mú un nínú ọgbà rẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Ọwẹ́wẹ̀. Ilé ọ̀gá ọmọ ogun kan ni ó sùn lóru náà, èrò ìjọ sì sùn sí ìta níwájú ilé náà. Ó ní kí wọ́n mójú tó àwọn ọmọbìnrin tí ó wà láàrin wọn. Ní ọjọ́ kejì, gómìnà tí àìsàn ń ṣe ka ìdájọ́ ikú sí i létí, Cyprian sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó ní kí wọ́n fún ẹni tí yóò bẹ́ òun lórí ní owó wúrà 25. Àwọn ènìyàn tẹ́ aṣọ àti gèlè ọwọ́ sí iwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ojú rẹ̀ ní aṣọ, ṣùgbọ́n nígbà tí kò lè so ó fúnra rẹ̀, àlùfáà kan àti igbákejì díákónì kan bá a so ó. Lóru, wọ́n fi iná àbẹ́là àti ògùṣọ̀ sin ín lọ sí ibojì. Òun ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ní Carthage, gẹ́gẹ́ bí Pontius ti sọ, tí ó kú ikú ajẹ́rìíkú.

Àgbálọgbábọ̀

Ikú Cyprian pa ẹnu àwọn tí ń gàn án mọ́, ṣùgbọ́n kò parí ìbéèrè tí ó fi ìgbésí-ayé rẹ̀ dáhùn. Lẹ́yìn inúnibíni Diocletian tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 303, ìjọ Áfíríkà tún pín sí méjì lórí àwọn àlùfáà tí wọ́n ní ó fi Ìwé Mímọ́ lé ìjọba lọ́wọ́. Àwọn ọmọlẹ́yìn Donatus di ẹ̀kọ́ Cyprian lórí ìrìbọmi mú pé kò sí ohun mímọ́ kan lóde ìjọ mímọ́. Augustine kọ ìwé méje lórí ìrìbọmi láti dá wọn lóhùn. Ó gbà pé Cyprian ṣàṣìṣe lórí ìrìbọmi, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tí ń pe orúkọ rẹ̀ ti gbàgbé ohun tí ó ṣe: ó bá Stephen jiyàn dé góńgó, síbẹ̀ kò bá a pín ìjọ. Apá méjèèjì ń ka ìwé ẹnì kan náà. Ibojì rẹ̀ náà kò sì ṣófo: lọ́dún 383, nígbà tí Augustine fi ẹ̀tàn wọ ọkọ̀ lọ sí Róòmù, ilé ìrántí Cyprian tí ó wà nítòsí èbúté ni Monica ìyá rẹ̀ sun ẹkún àti àdúrà mọ́jú.

Bí a bá ka àwọn lẹ́tà náà láìjẹ́ kí ògo ọdún 258 bo ìtìjú ọdún 250 mọ́lẹ̀, a ó rí i pé kò sí èyí tí ó ṣeé yọ kúrò nínú méjèèjì. Bí Cyprian kò bá sá, kì bá tí ní ìdí láti kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe ń bọ́ opó, bí a ṣe ń kọ ọjọ́ ikú ẹlẹ́wọ̀n, àti ìdí tí ẹyọ ẹnì kan kò fi lè dá ìdáríjì fúnni ní orúkọ gbogbo ìjọ. Bí kò bá sì padà wá kú lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn tí ó ní àpá lára ì bá ti lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á sí ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń fi ìwé gba ara rẹ̀ sílẹ̀.